Iná Ń Bẹ̀rù Ọ̀gá Mi

Màmá mi ní Ìkìrun,

Wùnmí yín kí yín láti Ore o. Nídìí iṣẹ́ fàdákà tí mo ń kọ́, mo ti kọjá òrùka lásán. Ẹ̀wọ̀n ọrùn là ń kọ́ báyìí. Ṣọ́jà ti bọ́dà pa, fàdákà wọ́n, ṣíbí àtijọ́ là ń yọ́. Ọ̀gá mi, Gbádéyan, ní iná ń bẹ̀rù òun, àmọ́ bí a bá ti dáná, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lẹ ó ti bá akọni!

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo ní omi ṣì wà níbi tí a fẹ́ da fàdákà yíyọ́ sí. Ó ní ta ni ọ̀gá? Mo dà á, ó bú gbàù. Kí n tó pariwo, akọni ti dé gáréèjì.

Ara mi le. Ẹ bá mi kí Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún wọn pé ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ìkíni wọn.