Mo Jókòó Nípò Ọkọ Ìyàwó

                                        Ilé Bàbá Ọláníran,
                                        Àdúgbò Odòlú,
                                        Kàbà,
                                        Ìpínlẹ̀ Kogí.
                                        Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ọpẹ́dayọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Òkun o! O kú ìwé kíkà, o kú ẹ̀wà oníkòkòrò tí wọ́n ń fún yín jẹ ní Mopa. Ara rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ yẹn ti fi ọ́ sílẹ̀? Mo rí màmá rẹ lọ́jà lánàá, wọ́n ní kí o yé rìn nínú òjò bí ewúrẹ́ tí kò lólówó. Bàbá rẹ náà wà, ẹ̀yìn ló kàn ń dùn wọ́n díẹ̀. Èmi ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, mo ń tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Torí pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ yín ni mo ṣe ń fi bírò fìyà jẹ ọwọ́ mi báyìí. Má fi ìwé mi rẹ́rìn-ín o, ìwọ lo dúró kàwé, èmi kọ́.

Ọpẹ́, wọn kò fún ìyàwó wa ní físà.

O rántí ìdí tí a fi kánjú ṣe ìdána Ọmọ́ṣọlá ní Ògìdì lọ́dún tó kọjá, tí ẹ̀gbọ́n mi Ọláníran kò sì sí nílé? Orílẹ̀-èdè tó wà ti kéde pé àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, irú iṣẹ́ tí òun náà ń ṣe, kò ní lè mú ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́, àfi ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti wọlé kí òfin náà tó bẹ̀rẹ̀. Ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò sì fún un láyè láti wálé. Bàbá wa ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, àbúrò a máa jókòó nípò ẹ̀gbọ́n, kí n ṣáà gbé fọ́tò Ọláníran lé itan kí gbogbo ayé rí i.

Ìwọ náà mọ ohun tí mo ṣe. Abẹ́ àga rẹ ni mo ti fọ́tò onífírémù yẹn sí. Mo wọ agbádá ẹ̀gbọ́n mi, mo gẹ fìlà sápá ọ̀tún bíi tirẹ̀, mo sọ èjìká kan kalẹ̀, mo wọlé bí ẹni tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn ìyá ilé wọn ń pariwo, "Ọláníran pọ́ńbélé rèé!" Nígbà tí alága bi mí pé ta ni mí, mo kọ́kọ́ wúkọ́, mo rẹ́rìn-ín inú imú yẹn, mo ní, "Èmi Ọláníran ni, ìyàwó mi ni mo wá mú." Ìwọ gan-an ṣubú lórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ́ṣọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, àfi nínú fóònù.

Ẹni tó ń bá wọn ṣe ìwé ní kí wọ́n kó gbogbo fọ́tò àti fídíò ránṣẹ́, pé òyìnbó fẹ́ràn ẹ̀rí. Wọ́n kó o lọ. Èmi ló kún inú rẹ̀. Kò síbi tí fírémù yẹn ti yọjú. Èsì ní ọkùnrin tó jókòó ti ìyàwó fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní Ọláníran, ojú rẹ̀ kò sì jọ ti inú pásípọ́ọ̀tù, nítorí náà àwọn kò gbà pé ìgbéyàwó náà jẹ́ òótọ́. A kọ̀wé ṣàlàyé àṣà wa fún wọn, pásítọ̀ wa buwọ́ lù ú. Oṣù tó kọjá ni wọ́n dáhùn pé ohun tí àwọn fi ojú rí ni àwọn dúró lé. Bí a bá sì kọ tuntun, inú òfin tuntun ló máa bọ́ sí. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Tèmi fọ́ sétí òyìnbó.

Màmá mi kò nà mí, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Nígbà tí Ọláníran pè, mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Ó kàn ní, "Gbádéyan, o mọ̀ mí ṣe ju èmi alára lọ," ó sì pa fóònù. Òun náà kò lè wálé. Bó bá fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ kí ìwé ìgbélùú rẹ̀ tó pé, kò ní lè padà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàbá Ọmọ́ṣọlá gun ọ̀kadà wá láti Ògìdì. Wọn kò fẹnu kan omi wa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi kì í ṣe ẹrù tí wọ́n gbé pamọ́ sílé yín. Ẹ fi ọkọ rẹ̀ hàn mí kí iṣu tuntun tó jáde, tàbí kí ẹ jẹ́ kí n mú un lọ." Ọmọ́ṣọlá bọ́ síta, ó ní òun máa dúró. Inú Màmá dùn, wọ́n tún gún iyán fún un.

Lẹ́yìn ìsìn Sunday, ó jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ́ ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ọkọ mi kékeré, ẹ bá mi ṣe ohùn ẹ̀gbọ́n yín." Mo ní ìyàwó wa, mo ti jáwọ́. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo wúkọ́, mo rẹ́rìn-ín inú imú, mo ní, "Ọmọ́ṣọlá, ṣé o ti jẹun?"

Kò gbójú sókè. Ó fọ́ ẹ̀gúsí díẹ̀ sí i. Ó ní, "Kì í sọ̀rọ̀ báyìí mọ́. Ó ń yára, kì í sì í rẹ́rìn-ín kó tó bẹ̀rẹ̀. Kì í béèrè oúnjẹ." Ó gbọn èèpo kúrò lórí ìró rẹ̀. "Ẹni tí mo fẹ́ lẹ ṣe yẹn. Èyí tó wà lọ́hùn-ún, n kò mọ̀ ọ́n mọ́."

Nígbà tó di àná, ó fọ gbogbo aṣọ Màmá, ó gbá àgbàlá, ó sì ní òun kò ní dúró de iṣu tuntun. Ọ̀la ni bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé àpótí rẹ̀ sọ́kọ̀.

Bá mi kí Isaiah tí ẹ jọ ń sùn ní yàrá kan, sọ fún un pé mo ti tún táyà bàbá rẹ̀ ṣe. Tí o bá sì wálé fún họlidé, jọ̀ọ́, má ní kí n ṣe ohùn púrínsípà yín. N kò ní ṣe é.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́,
Gbádéyan.