Páìnì Tí Bàbá Tulizo Gbìn Bí Àgbàdo

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdù
Ìrì dì bíi yìnyín sórí koríko láàárọ̀ yìí; ìgbà òtútù àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni Òkúdù lórí òkè tiwa níbí. Mo lọ wo páìnì wa, igi tí à ń gbìn fún pákó. Àwọn tó ṣẹ́kù létí odò, níbi tí ewúrẹ́ ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú wọn ní kékeré, ti ga jù mí lọ, ìdí wọn sì nípọn. Àwọn ti àárín — ọ̀pá lásán. Ọjọ́ kan náà la gbìn wọ́n. Ọkọ mi, olóríkunkun, gbìn wọ́n bí ẹni gbin àgbàdo, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gun ara wọn lórí. Mo sọ fún un nígbà náà. Ó ní ilẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣòfò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Mo bá a lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀. Mo ní ká gé ìdajì, kí ìyókù lè rí oòrùn. Ikọ́ ò jẹ́ kó tètè dáhùn. Ó wá ní, "Ìyá Tulizo, ṣé o fẹ́ run ogún ọmọ mi kí n tó kú ni?" Mo ní, "Bàbá Tulizo, igi ìdáná lẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún un." Inú bí i. Kò fọwọ́ kan ugali, òkèlè àgbàdo, tí mo gbé síwájú rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo ní kí Luka, àbúrò rẹ̀, bá mi gé díẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ju àdá sílẹ̀. "Ìyàwó wa, igi ẹni tó ṣì ń mí? Láìgbàṣẹ? Ẹ má fi mí sí i o. Aráàlú á ní a ti ń gé pákó pósí rẹ̀."
Òótọ́ ni, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dúró, á dà bíi pé mo ń retí ikú ọkọ mi. Mi ò retí rẹ̀. Ọlọ́run mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18
Òun fúnra rẹ̀ béèrè. "Ti etí odò ńkọ́?" Mo ní wọ́n ń nípọn. "Ti àárín?" Mi ò lè parọ́. Mo tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe. Ó kọjú sí ògiri.

Ọjọ́bọ̀, 20
Ó pe èmi àti Luka. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó ní ká sin òun sáàárín páìnì, níbi tó há jù.
Luka ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ́ ò lè ráyè níbẹ̀."
"Ẹ gé e nígbà náà. Látetí odò ni kẹ́ ẹ ti la ọ̀nà, kó gba àwọn tó máa gbé mi. Kó gba àwọn tó máa sunkún náà. Ẹ má jẹ́ kí igi fa aṣọ Ìyá Tulizo ya."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, mo sunkún. Olóríkunkun! Kò lè fẹnu ara rẹ̀ sọ pé mo jàre.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22
Ó lọ. Àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Luka gbé àdá lé mi lọ́wọ́ pé kí n gé àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gé e tó fi wó, kò nípọn tó ẹ̀rú ọkọ́. Wọ́n la ọ̀nà náà fẹ̀, a sì gbé e gbabẹ̀. Igi kankan ò fa aṣọ mi.
Oòrùn ti dé àárín oko báyìí. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kù á nípọn, gbogbo ayé á sì ní mo jàre. Mi ò fẹ́ jàre mọ́. Mo fẹ́ kó dìde, ká máa bá ìjà wa lọ.