Ìṣirò Àwọn Tó Ń Yan Odì Nílé Wa

Ọmọ mi àtàtà, ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ẹ̀rọ tí ẹ jọ wà nínú yàrá tútù yẹn ńkọ́? Ẹni tó fún ọ ní orí pípé kò ní gbà á padà, òtútù iṣẹ́ kò ní dá ọ dùbúlẹ̀. Wọ súwẹ́tà. Ara tèmi le, àfi orúnkún, ẹnu mi sì le ju ara lọ, ìwọ náà mọ̀.

Mo rí àwòrán iṣẹ́ rẹ tí o fi ránṣẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé íǹkì ló tán, torí àmì tín-ín-tìn-ín díẹ̀ ló wà níbẹ̀, gbogbo ìyókù funfun báláú. Aránṣọ ẹ̀yìnkùlé bi mí pé ṣé òfo ni wọ́n ń sanwó fún ọmọ mi láti máa kọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ta ló mọ òfo kọ tó ọ? Ohun tí kò yé mi ni ẹ̀rọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta tó kóra jọ ti ìṣirò ẹyọ kan. Nígbà tí mo wà ní ìwé kejì, èmi nìkan ni mo ń ṣe tèmi. Ṣé ọ̀lẹ ni wọ́n ni? Má jẹ́ kí wọ́n kó o ràn ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí o sọ nígbà tí o wálé, pé ẹ̀yin kì í méfò, ẹ máa ń yọ àwọn nọ́ńbà tí ẹ ń wá kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ẹni tí okùn tó so ó mọ́ ẹlòmíì kéré jù ló ń ṣáájú, àwọn tí kò kan ara wọn ni ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó so ìhà méjèèjì pọ̀ ló ń kẹ́yìn, mo ti lò ó.

Àbúrò mi, ìyá rẹ kékeré, ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní Sátidé lòun ń lọ, pé gbogbo ilé ló fẹ́ kí òun kúrò. Mo fẹ́ kó dúró, ẹnu mi ló kọ̀ láti sọ ọ́. Ni mo bá mú bébà, mo ya àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó wà nílé, mo sì fa ilà láàárín àwọn tó ń bára wọn yan odì.

Ilà kan péré ni aránṣọ ní, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀: mo bi í pé ẹnu ta ló ti gbọ́ ọ pé kí àbúrò mi kúrò, bó ṣe sọ ọ́ ni mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Mo ní kí àbúrò bàbá rẹ tó ń tún bàtà ṣe mú àwọn yàrá iwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ká lè ṣe bí ẹ̀rọ méjì. Mo yọ ẹni mẹ́rin tán, òun ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó ń mu omi tútù. Mo jókòó dè é. Ṣé bí tìrẹ náà ṣe ń ṣe ọ́ nìyẹn?

Bí mo bá sì ti yọ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á bọ́ sọ́rùn aládùúgbò rẹ̀. Aránṣọ ní ẹnu ìyàwó alábàtà lòun ti gbọ́ ọ, ìyẹn ní ẹnu ẹlòmíì. Níbi tí ilà kò sí tẹ́lẹ̀, ilà yọ. Bébà kún. Nígbà tó yá, èmi àti àbúrò mi nìkan ló kù, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wa: pé èmi ni mo sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé àìríbi lọ ló gbé e padà wálé. Kí ó tó yí gbogbo ilé ká, ó ti di pé ká gbé ẹrù rẹ̀ síta.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi náà ló ń jáde. Sọ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n yẹ ìṣirò yẹn wò.

Mo mú bébà náà lọ bá a. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ o, ìṣirò ni mo lọ fi hàn án. Ó wo bébà, ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó pẹ́ tí mo ti mọ ìdáhùn yìí. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

Omi bọ́ lójú mi, eruku inú yàrá ni. Mo di àpótí rẹ̀ mú, mo ní, "Má lọ." Ó nira ju ìṣirò lọ.

Ó ní kí n bá òun tọrọ owó àpótí lọ́wọ́ rẹ, torí ibi ìdìmú àpótí náà já nígbà tí mo fà á gbà. Má fi ránṣẹ́, ibo ló ń gbé e lọ? Owó àga ni kí o fi ránṣẹ́. Àwa méjèèjì la jọ ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà báyìí, àga kan la ní, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ dìde fún ẹnì kejì.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí ìwọ náà bá di ẹrù ìbínú, o kò ní ṣàìrí ẹni tí yóò di àpótí rẹ mú.

Èmi ni,
ìyá tó bí ọ.