Kíkà Tí Mo Kọ́ Yín

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn náà ní kí n kí yín. A ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe, kò jò mọ́.

Fóònù yín ò wọlé láti àná, ọ̀rọ̀ tó gbé bírò lé mi lọ́wọ́ rèé. Ẹ mọ̀ pé àwọn tí ìpayà ń dà láàmú ni mò ń gbà nímọ̀ràn. Mo máa ń kọ́ wọn kí wọ́n rọra mí sínú títí wọn á fi ka ẹ̀rin, kí wọ́n mí síta títí wọn á fi ka ẹ̀fà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, aránṣọ kan nínú wọn ní, "Àǹtí, àyà ń fún mi, apá òsì ń ro mí." Mo ní, "Ìpayà náà ni. Ẹ jẹ́ ká kà á." Ẹni bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, èmi ò bèèrè nǹkan kan. Ó kà á, ó dúpẹ́, ó lọ sílé.

Ọkọ rẹ̀ wá lánàá. Kò tiẹ̀ bú mi. Ó ní, "Mo fẹ́ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó ní kí n jẹ́ kóun kà á tán." Ẹnu kíkà náà ló kú sí. Ọkàn rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ìpayà.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ lórí fóònù lóṣù tó kọjá pé àyà ń fún yín tẹ́ ẹ bá gun àtẹ̀gùn ibiṣẹ́. Kíkà yìí kan náà ni mo kọ́ yín. Ẹ ní ó ń ràn yín lọ́wọ́.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà lónìí. Ẹ má kà á tán.

Àbúrò yín obìnrin