Bàtà Tí Ọmọ Mi Gbé Lé Mi Lọ́wọ́

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú ara. Mo kí Bọ̀dá Àgbà, mo kí ìyàwó wọn tó ń pọnmi fún yín. Ẹnu ni mo fi ń sọ èyí, ẹni tó mọ̀wé ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ní kó má fi oyin sí i.

Òjò Ajégúnlẹ̀ tún ti gbé omi wọlé. Orí tábìlì ni mo ń sùn. Mo ránṣẹ́ sí ọmọkùnrin mi ní Ògùdù. Ó ní bàtà òun ò lè wọ irú omi bẹ́ẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹ mọ̀ ọ́n, òun nìkan ni mo bí.

Mo ṣì ń dáná fún ìyá arúgbó ará Íńdíà yẹn ní Ifákọ̀. Ọmọ wọn ló ni iléeṣẹ́ ńlá, àmọ́ lọ́jọ́ ìsìn, ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn wọn ni ìyá náà máa ń jókòó sí, wọn a máa gba bàtà àwọn tó ń wọlé, wọn a nù ún, wọn a tò ó. Mo fi rẹ́rìn-ín. Mo bi wọ́n pé ṣé kò sí ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Wọ́n ní nínú ẹ̀sìn àwọn, “èmi ni, èmi ni” ni ògiri tó wà láàárín èèyàn àti Ọlọ́run. Ẹni tó bá tẹrí ba síbi eruku ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló ń wó o. Ẹ má bẹ̀rù, ṣọ́ọ̀ṣì mi ni mo ṣì ń lọ. Ìyá náà kì í sì í ṣe áńgẹ́lì. Ẹ wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń bú dẹ́rẹ́bà. Àmọ́ orúnkún ń dùn wọ́n, mo bá ń jókòó tì wọ́n, mo ń bá wọn gba bàtà.

Ibẹ̀ ni ọmọ mi dé tòun tọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n wá bá ọmọ ìyá náà torí iṣẹ́ tí ọmọ mi ń wá. Agbádá, ìlẹ̀kẹ̀. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo ti dìde láti kí i. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi í pé ṣé ó mọ̀ mí ni. Ó ní rárá. Ó gbé bàtà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí Mama rọra mú un, ó wọ́n. Mama, bí wọ́n ṣe ń pe arúgbó tí wọn ò mọ̀ rí lọ́jà Mile 12. Màámi ló ń pè mí látìgbà tó ti lè fọhùn.

Mo nu bàtà náà. Ẹrẹ̀ kankan ò sí lára rẹ̀.

Nígbà tó lọ, ìyá náà bi mí pé ta nìyẹn. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tó ń wá ni mi ò fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ó ń bọ̀ nílé wá joyè. N kò ní wá. Á dọ̀bálẹ̀ fún yín, torí àwọn èèyàn á máa wò ó. Ẹ gbọ́wọ́ lé e lórí, ẹ wúre fún un dáadáa. Àmọ́ bàtà tó bá bọ́ sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a gbé e. Kó bẹ̀rẹ̀, kó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

Ọlọ́run á dá yín sí fún mi, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé, àti ẹni tó bá ń ka èyí sí yín létí.

Èmi ni, ọmọ yín, tí ẹ kò sẹ́ rí.