Ẹsẹ̀ Òsì Ni Mo Fi Ń Kúnlẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Rẹ

Ìlá-Ọ̀ràngún,
Ọjọ́ Ajé.

Fàrúkù Àdìsá, ọmọ mi,

Àsàlámù àléékùm o. Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí gbogbo ẹni tó bá jí ire lọ́dọ̀ yín ní Èkó. Ṣé ara le? Ṣé iná ń wá? Ìròyìn burúkú kò ní mọ ọ̀nà ilé yín, ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn kò ní yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín, àmín. Àwa náà wà níbí, à ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì, atẹ́gùn ti ṣí páànù kan lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo torí ẹ̀ jókòó kọ̀wé.

Ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé ni pé Olúkúnlé, ọkùnrin tí o rán wá gbé ọkọ̀ rẹ, ń padà bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ lófìfo. Mo kọ̀. Mo ní kò ní gbé e. Bí mo ti ń kọ̀wé yìí, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń jẹ iyán, torí ọmọ ọlọ́mọ ni, kò ṣẹ̀ mí, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa kó tó jẹ́ iṣẹ́ burúkú tí o rán an. Ọkọ̀ ńlá rẹ̀ tó máa ń gbé ọkọ̀ mìíràn sẹ́yìn wà níta, àwọn ọmọ àdúgbò ti gùn ún tán. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ wà ní ìdí ìró mi, kí ọkùnrin tó bá láyà wá mú un níbẹ̀. Bí mo bá sì bá ọ sọ ọ́ lórí fóònù, ìwọ á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dáa, o kò gbọ́ mi mọ́. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, torí ìwé kì í já.

O ní mo ti ba ọkọ̀ rẹ jẹ́. Ó dáa, jẹ́ kí n rán ọ létí. Nígbà tí o wá ṣe Iléyá lo gbé ọkọ̀ pupa pẹlẹbẹ yìí wá, o ní ọkọ̀ eléré sísá ni, o ní kò sí ibi tí wàá gbé e sí níbi tí ẹ kó lọ, o ní kí n máa bá ọ tan án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè gbóná, kí bátìrì má baà kú. Mo ní mo gbọ́. O kò sọ ibi tí gbígbóná yẹn gbọ́dọ̀ mọ. Ọbẹ̀ ló ń gbóná lójú kan, ojú títì ni ọkọ̀ ti ń gbóná. Mo gbé e gbóná dé Ọ̀rà. Má sì bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà, torí bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ wọn, ló fi ọkọ̀ akẹ́rù wọn kọ́ mi kí a tó bí ọ, tí mo fi ń kó aṣọ tí mo bá rán lọ sí Ìrèsì. Oníjíà ọwọ́ ni tiwọn náà, bíi tìrẹ. Ìyàwó rẹ ni kò mọ̀ ju èyí tó ń yan jíà fúnra rẹ̀ lọ, ẹ má bínú, òótọ́ ni mo sọ.

O sì mọ ohun tó ń gbé mi lọ sí Ọ̀rà. Ẹ̀gbọ́n mi Ràfíátù, tó pọ̀n ọ́ títí o fi rìn, ti wà lórí ẹní látìgbà tí apá kan ara wọn ti rọ. Àwọn ìyàwó ọmọ wọn ń gbìyànjú, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n ń fọṣọ, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi kò gbà kí ẹlòmíràn wẹ àwọn àfi èmi. Wọ́n ní ìhòòhò àgbà kì í ṣe ohun tí ọmọ ọlọ́mọ ń wò. Ọ̀kadà ni mo ń gùn lọ tẹ́lẹ̀, títí ó fi dà mí sínú ẹrẹ̀, tí ìwọ fúnra rẹ ń pariwo lórí fóònù pé n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mọ́ láyé mi. Mo gbọ́ràn. N kò gun ọ̀kadà mọ́. O wá rán ènìyàn wá gbé ọkọ̀ lọ. Kí wá ni kí n gùn, Fàrúkù? Ṣé ewúrẹ́ dúdú ni?

Òótọ́ ni pé ọkọ̀ ń ké, èmi kò sẹ́. Bí ó bá dúró lójú kan, tí ẹnikẹ́ni kò tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ òsì bá ti tẹ kílọ́ọ̀ṣì báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké wíìnnn, bí ọmọ tí wọ́n yọ ọmú lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá kúrò, ẹkún tán. Kò pẹ́ tó tún fi kọ́ èkejì, pé bí mo bá fẹ́ fi sí jíà ẹ̀yìn, á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà, lórí jíà kẹta, lórí ìkẹrin, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń lọ, kò sí ohun tó ń ṣe é.

Mo wá fi ọgbọ́n iṣẹ́ mi wò ó. Èmi télọ̀, mo mọ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ń ké nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dà, tó ń dákẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá kúrò, òróró ló ń bèèrè. Mo mú òróró ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Mo ṣí awọ tó bo ìdí ọ̀pá jíà, mo rọ ọ́ síbẹ̀, mo rọ ọ́ sí ìdí pẹ́dà, mo tún fi èyí tó kù pa ojú pẹ́dà fúnra rẹ̀ kó lè dán. Mo ṣe bísímílà, mo tan ọkọ̀. Họ́wù! Ẹsẹ̀ mi yọ̀, ọkọ̀ fò bí ẹran tó já okùn, inú èlùbọ́ tí Ìyá Dáhùnsí, aládùúgbò wa, sá sétí títì ló balẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó farapa àfi èlùbọ́. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbà, ṣùgbọ́n bó bá ti rí mi báyìí, á kọ́kọ́ fa ẹní èlùbọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dá mi lóhùn. Ọkọ̀ sì ń ké síbẹ̀.

Ìgbà náà ni o ní kí n fi fóònù gba ohùn rẹ̀, kí o lè gbé e fún ẹgbẹ́ àwọn tó ní irú ọkọ̀ yìí, tí ẹ máa ń ṣèpàdé nínú fóònù. Mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣé ọkọ̀ máa kàn ké lu ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́ láìkí wọn ni? Èmi ni mo kọ́kọ́ kí wọn, mo kí bàbá ẹgbẹ́, mo kí ìyá ẹgbẹ́, mo ṣàdúrà fún àwọn tó ń wá ọmọ nínú wọn, kí n tó tẹ kílọ́ọ̀ṣì. O ní àdúrà ló gba gbogbo àyè, pé ẹkún ọkọ̀ kò ju fíntín lọ. Ẹnì kan láti Kàdúná ní kí wọ́n tú gbogbo jíà palẹ̀. Ẹnì kan láti Amẹ́ríkà ní kí o tà á. O tún ní àwọn yòókù fi àwòrán ojú ránṣẹ́, tí omi ń dà lójú wọn pòròpòrò. Àánú wọn ṣe mí, mo ní kí o bá mi sọ fún wọn pé kí wọ́n nujú, ọkọ̀ kò tíì kú. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ ẹnì kan tó ṣe àmín sí àdúrà mi. Irú ẹgbẹ́ wo nìyẹn?

Mo wá gbé e lọ bá Tẹ́júọlá, mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀tan Ayégbajú. Ó mú kọ̀ǹpútà kékeré kan jáde, ó ki wáyà rẹ̀ bọ abẹ́ ibi tí ọwọ́ ń dì mú láti fi darí ọkọ̀, ó tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní kọ̀ǹpútà ní kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀. Mo ní etí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti di. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí ẹní ní Ọ̀rà ń gbọ́ ẹkún ọkọ̀ yìí láti ìta, tí wọ́n á ti ní kí àwọn ìyàwó ilé gbé omi kaná, pé àbúrò àwọn ti dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ká wáyà rẹ̀, ó ní kí á jọ wà á lọ sí ìgboro kí òun fi etí ara òun gbọ́.

Bí a ti wọ àdúgbò, a bá Bàbá Oyèdọ̀tun lórí àga níwájú ilé wọn. O mọ bàbá, kò sí ẹni tó dàgbà tó wọn mọ́ ládùúgbò wa. Mo fa ọkọ̀ dúró rọra, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì wọlé pátápátá, mo rẹ ara sílẹ̀, mo kí wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, Àbíkẹ́ báyìí, Àbíkẹ́ báyẹn, wọ́n kì mí dé orí bàbá tó bí bàbá mi, wọ́n bọ́ sórí àdúrà, wọ́n bèèrè ìwọ, wọ́n bèèrè ìyàwó rẹ, wọ́n tún padà sórí àdúrà. Ọkọ̀ ń ké wíìnnn lábẹ́ wa. Ìgbà tí wọ́n ṣe tán ni mo gbé ẹsẹ̀. A kò tíì lọ jìnnà tí a fi bá àwọn àgbà iwájú mọ́ṣáláṣí, mo tún tẹ̀ ẹ́ wọlé. Tẹ́júọlá wá bi mí pé kí ni mò ń fi ẹsẹ̀ òsì ṣe. Mo ní mò ń kúnlẹ̀ ni.

Ẹnu yà á. Kí ló ń yani lẹ́nu níbẹ̀? Ṣé kí n máa fi fèrè kí àgbà bí ẹni ń lé adìẹ ni? Àbí kí n máa ju ọwọ́ sí wọn bí ẹgbẹ́ mi? Ìjókòó ọkọ̀ rẹ rẹlẹ̀ débi pé gèlè mi nìkan ni wọ́n ń rí láti ìta. Bí mo bá ti fi orúnkún òsì sọ̀ kalẹ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì, èjìká á wálẹ̀, gèlè á wálẹ̀, wọ́n á mọ̀ pé èmi Ṣàkírátù ti kúnlẹ̀. Ṣé a sì máa ń dìde nígbà tí àgbà bá ṣì ń ṣàdúrà léni lórí? Títí dé àmín ni.

Tẹ́júọlá gbá orí mú. Ó ní àìsàn ọkọ̀ náà nìyẹn. Ó ní béárìn kan wà nídìí kílọ́ọ̀ṣì, irin roboto, pé ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ni iṣẹ́ kàn án, èmi sì ti fi ìkúnlẹ̀ gbé iṣẹ́ àṣejù lé e lórí, ó ti jẹ tán, ẹkún rẹ̀ ni à ń gbọ́. Ó ní nítorí pé kílọ́ọ̀ṣì kò já dáadáa mọ́ ni jíà ẹ̀yìn fi ń ha. Ó ní òun á pààrọ̀ béárìn, ṣùgbọ́n n kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ mọ́, pé àwọn tó ṣe ọkọ̀ ní ìgbà tí a bá fẹ́ yí jíà nìkan ni kí á máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Mo ní ó dá mi lójú pé àwọn àgbà ìlú wọn kì í jókòó síwájú ilé.

Ìwọ náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù pé kí n gbọ́ ti mẹkáníìkì. Mo gbọ́, kí o má baà ní alágídí ni mí. Mo kọjá níwájú Bàbá Oyèdọ̀tun, mo kàn mi orí, ẹsẹ̀ òsì mi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọba. Kí n tó ti Ọ̀rà dé, bàbá ti ránṣẹ́ wá sílé láti bèèrè ohun tí àwọn fi ṣẹ̀ mí. Mo sáré lọ, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí òkúta, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n dárí jì mí. Wọ́n kàn sọ jẹ́jẹ́ pé àwọn rò pé ọkọ̀ ọmọ ti gbé Àbíkẹ́ kúrò nílẹ̀ ni. Fàrúkù, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Mo sunkún délé. Èmi tí ìyá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ lórúnkún kí n tó gbọ́n ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti padà sí ìkúnlẹ̀ mi, o sì torí ẹ̀ bínú, o rán Olúkúnlé. Ṣé o wá gbọ́ tèmi báyìí? Ọkọ̀ kò lọ. Béárìn tó jẹ, irin ni, wọ́n ń tà á ní Òṣogbo. Èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ ilé, ọjà wo ni wọ́n ti ń tà á, kí n lọ rà á nígbà tí mo bá sọ tèmi nù? N kò ní torí irin roboto kan di aláìlẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ ogbó mi, n kò sì ní torí rẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wà láìwẹ̀. Bí o bá rán ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́wàá wá, inú ọkọ̀ pupa yìí ni wọn yóò bá mi, kí wọ́n gbé èmi àti òun pọ̀.

Nítorí náà, fi owó béárìn ránṣẹ́ sí Tẹ́júọlá, òun ló mọ iye rẹ̀. Méjì ni kí o rà: ọ̀kan fún èyí tí mo ti jẹ, ọ̀kan fún èyí tí mo ṣì máa jẹ. Fi owó epo díẹ̀ lé e, àti ti èlùbọ́ Ìyá Dáhùnsí. Kí Ọlọ́run bá mi pa ọ́ mọ́. Wàá lọ, wàá bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní já ọ kulẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ á bọ̀wọ̀ fún ọ níta àti nílé, ilẹ̀ kò ní jìnnà sí orúnkún wọn. Bí o bá sì ṣì rò pé mo ṣàṣejù, má rán ẹnikẹ́ni mọ́, wá fúnra rẹ, kí o wa ọkọ̀ yìí kọjá níwájú Bàbá Oyèdọ̀tun. Ọkùnrin ni ọ́, ìdọ̀bálẹ̀ ni tìrẹ, jẹ́ kí n wo ibi tí wàá nà sí nínú rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ṣàkírátù Àbíkẹ́, tó ń kúnlẹ̀ síbẹ̀.