Okùn Inú Búùtù

Ilé onípàánù ẹ̀yìn afárá,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn òjò àárọ̀.

(Èmi télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yìí ni mò ń kọ ọ́. Bàbá tí a ń pè ní Àpáta ló ń sọ̀rọ̀. Wọn ò kàwé, wọn ò sì fẹ́ fi fóònù sọ ọ́, torí wọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ ohùn àwọn báyìí á ní wèrè ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.)

Káfíńtà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún tó máa ń dùn ọ́ nígbà òjò ti fara balẹ̀, àbí o ṣì ń fi ayùn ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀? Mo ní kí n kọ́kọ́ kí ọ délé-délé, kí o lè mọ̀ pé orí mi pé.

Ọ̀rẹ́ mi, ẹnu mi ṣì là sílẹ̀, kò tíì pa dé. Lánàá, mo dùbúlẹ̀ sínú yàrá, mo gbọ́ ohùn àkọ́bí mi nínú fóònù ìyá rẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé òun ń gbé ọkọ̀ bọ̀ wá gbé mi lọ sílé wèrè. Ó ní ìwọ náà á bá òun wá, pé tí mi ò bá gbà, okùn wà nínú búùtù. Okùn! Ọmọ tí mo pọ̀n lọ sóko nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn! Ìyá rẹ̀ ṣàlàyé fún un títí, ọmọ náà ní ẹ̀rù mi ló ń ba òun.

O rántí pé lẹ́yìn tí iná jó oko wa, àyà mi ń já ṣáá, oorun sì kúrò lójú mi. Dókítà obìnrin fún mi ní oògùn tí mò ń lò lálaalẹ́, ara mi balẹ̀. Nígbà tó pẹ́, mo ní kí ló dé? Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, bàbá mi ò gbé hóró oògùn kan mì títí ó fi kú. Bíríkìlà aládùúgbò wa náà tún ń pè mí ní "Bàbá Oníhóró". Bí mo ṣe da gbogbo rẹ̀ sí ṣáláńgá láàárọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Mi ò bi ẹnikẹ́ni.

Mo kọ́kọ́ ń yan bí ọba. Àfi bí nǹkan ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá yíjú sọ́tùn-ún, nǹkan á ṣe fìrì nínú orí mi, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan wáyà iná. Ilẹ̀ ń yí, òógùn ń bò mí, èébì ń gbé mi. Mo sọ òkò lu rédíò torí pé ó ń sọ̀rọ̀ jù. Adìyẹ kan kó ọmọ rẹ̀ kọjá, mo bú sẹ́kún. Èmi Àpáta! Ọjọ́ yẹn gan-an ni àkọ́bí mi wá kí wa, ó bá mi lẹ́nu ẹkún.

Ìyàwó mi ní ká padà sọ́dọ̀ dókítà, mo ní ó dẹ̀yìn ikú mi. Ó bẹ̀ mí títí, ó wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù.

O mọ ọgbà tí mo ti ń tọ́ irúgbìn ọsàn, bí mo ṣe ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò wọ́n. Tí wọ́n bá ń dàgbà, díẹ̀díẹ̀ ni mo máa ń yọ ọ́, kí oòrùn lè mọ́ wọn lára. Mo ti lé òṣìṣẹ́ rí torí pé ó yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo jáde lọ́sàn-án, mo bá ebè kan ní ìhòòhò, ewé irúgbìn orí rẹ̀ ti rọ, ó ti ń ká kò.

Mo pariwo, "Ta ló ṣe ìkà yìí?"

Ìyàwó mi jókòó sórí àpótí, imọ̀ ọ̀pẹ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Èmi ni."

"Ìyá àwọn ọmọ, ṣé kò sí?"

"Wọ́n ti dàgbà. Ọmọ àgbẹ̀ ni wọ́n, wọn ò nílò ìbòòji mọ́."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́ nìyẹn? Lẹ́ẹ̀kan náà?"

Ó wò mí lójú. "Olówó orí mi, ẹ tún un sọ, kí etí yín gbọ́."

Mo jókòó sínú ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a lọ bá dókítà. Ó ní, "Bàbá, wèrè kọ́ lèyí o. Oògùn tó ti mọ́ yín lára lẹ dá dúró lójijì, ara wá ń bínú." Ó ní orí ló kó mi yọ, pé gìrì tilẹ̀ lè mú èèyàn kó ṣubú. Ó dá mi padà sórí oògùn. Tó bá yá, a ó máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, òun á sì máa ṣọ́ mi. Fìrì-fìrì náà ti dín kù, kò tíì tán. Mo tún sunkún lánàá, ṣùgbọ́n ti okùn ni, kì í ṣe ti adìyẹ.

Jọ̀ọ́, ọmọ náà ń bẹ̀rù rẹ jù mí lọ. Ka lẹ́tà yìí sí i létí. Kó lọ bi dókítà fúnra rẹ̀. Agídí mi wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ló ń pa oògùn mọ́ báyìí.

A ti da ìbòòji padà sórí ebè yẹn. Àwọn kan kú, àwọn kan ń yọ ewé tuntun nídìí. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé, mi ò ní kẹ́ ẹ má wá. Kó mú okùn rẹ̀ dání. Imọ̀ tó wà lórí irúgbìn mi kò dúró dáadáa, òun ni a ó fi dì í.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì tọ́jú orúnkún.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí orí rẹ̀ pé,
Àpáta, ọmọ àgbẹ̀
(àtàǹpàkò rẹ̀ ló tẹ̀ síbí)

Ẹlẹ́rìí: Ìyàwó rẹ̀, tó yọ imọ̀.
Ẹlẹ́rìí: Bíríkìlà, tó ní òun ò ní pè é ní Bàbá Oníhóró mọ́.